Ìbọn Tó Ń Retí Epo Òkè Òkun

Ọkùnrin kan wà ní abúlé kan létí igbó. Ọdẹ ni, Ọdẹ́rìndé ni wọ́n ń pè é. Àwẹ̀ró ni orúkọ ìyàwó rẹ̀. Ọkùnrin náà ní ìbọn ẹlẹ́nu méjì kan tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Obìnrin náà ní oko ẹ̀gẹ́ kan lẹ́yìn odò. Láti inú oko yẹn ni gààrí tí wọ́n ń jẹ ti ń wá, láti ibẹ̀ náà sì ni èyí tí wọ́n ń tà ti ń wá. Láàárín oko náà àti igbó, kò sí ọgbà, kò sí yàrà. Ìbọn yẹn nìkan ni ọgbà. Bí àwọn túùkú, ìyẹn àwọn ẹlẹ́dẹ̀ inú igbó, bá ń gbọ́ ìró rẹ̀ lóòrèkóòrè, wọ́n á mọ ibi tí ààlà wà.

Nígbà tí Àwẹ̀ró ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ọkọ, ohun tó kọ́kọ́ yà á lẹ́nu ni bí ọkùnrin náà ṣe ń tọ́jú ìbọn. Bí ó bá ti igbó ọdẹ dé, kì í jókòó ti oúnjẹ. Yóò mu omi, yóò gbé àpótí sí ẹnu ọ̀nà, yóò sì pè é.

"Àwẹ̀ró, gbé lántánì wá."

Oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run nígbà náà. Kẹrosíìnì inú lántánì ló ń wá, kì í ṣe iná rẹ̀. Yóò da díẹ̀ sínú ìdérí ike kan. Àwẹ̀ró yóò ya etí ìró rẹ̀ tó ti gbó, yóò fún un ṣe àkísà. Ọdẹ́rìndé yóò ṣí ìbọn náà ní ìdí, yóò yọ ọta inú rẹ̀ kúrò, yóò kó o jìnnà. Yóò wé àkísà tó ti rẹ kẹrosíìnì mọ́ orí igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, yóò tì í gba inú ọ̀pá ìbọn kọjá, yóò sì fà á jáde. Àkísà á dúdú bí ìdí ìkòkò. Yóò mú òmíràn, yóò tún ṣe bẹ́ẹ̀, títí èyí tó jáde yóò fi mọ́ bí ó ṣe wọlé. Lẹ́yìn náà ni àdín, díẹ̀ báyìí, bí ẹni ń fi ìpara pa ọmọ tuntun. Òrí ló fi ń pa ara igi ìdí ìbọn. Bí ìpẹtà bá yọjú níta irin, eérú ààrò tí wọ́n kù kúnná ló fi ń ha á. Kò sí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí tí ẹnikẹ́ni ní láti wọ ọkọ̀ lọ rà.

Bí ó bá parí, yóò gbé ìbọn náà sókè ní ṣíṣí, yóò di ojú kan, yóò wo ọ̀run láti inú ọ̀pá méjèèjì. Àwọn ọdẹ abúlé yẹn sì ní àṣà kan. Ọdẹ kì í gbé ìbọn rẹ̀ kọ́ láìjẹ́ pé ẹlòmíràn bá a wo inú rẹ̀. Wọ́n ní ojú oníbọn a máa tan oníbọn. Àwọn yòókù máa ń pe ọdẹ ẹgbẹ́ wọn láti wá wò ó, nítorí nílé tiwọn obìnrin kì í fọwọ́ kan ìbọn. Ọdẹ́rìndé kò bá wọn ṣe ìyẹn.

"Wá bá mi wò ó."

Àwẹ̀ró á bẹ̀rẹ̀, á gbé ojú lé e.

"Mo rí ọ̀run méjì."

"Ṣé wọ́n mọ́?"

"Tọ̀tún mọ́. Ìkùukùu wà nínú tòsì."

"Ìkùukùu kẹ̀? Ojú obìnrin yìí mú ju tàwòdì lọ." Ọkùnrin náà á rẹ́rìn-ín, á tún ki àkísà bọ̀ ọ́.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe èyí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń wáyé. Bí oko ṣe rí, ẹni tó bá Àwẹ̀ró jà létí odò, Àìná ọmọ wọn tó ń wúkọ́, alájọṣe kan tó sọ̀rọ̀ tí kò dára sí i nínú ọjà. Kí àdín tó gbẹ, wọ́n á ti parí gbogbo rẹ̀. Àwẹ̀ró kò mọ̀ pé ìgbéyàwó òun nìyẹn. Ìbọn ló rò pé àwọn ń nù.

Ó di ọdún kan, àwọn ọdẹ agbègbè náà pé jọ nínú ìlú. Ẹ̀ṣọ́ igbó kan wà níbẹ̀, ó wọ bàtà tó ń dán, ìbọn tirẹ̀ náà ń dán. Ó gba ìbọn Ọdẹ́rìndé wò. Ó fi í sí imú.

"Ta ló fi epo àtùpà nu èyí? Ìbọn ni àbí fìtílà?"

Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Ẹ má bá ọ̀gbẹ́ni wí. Bí ilẹ̀ bá ṣú, yóò ṣáná sí i, yóò fi wá ọ̀nà ilé."

Àwọn ọdẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kì í fi kẹrosíìnì nu tirẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ igbó náà mú agolo kékeré kan jáde látinú àpò. Ó ní epo ìbọn gidi rèé, láti òkè òkun, òun nìkan sì ni irú ìbọn báyìí ń gbà. Agolo náà lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ọdẹ́rìndé náà gbé e lọ́wọ́. Ó gbé e pẹ́ ju àwọn yòókù lọ.

Nígbà tó délé, Àwẹ̀ró ti gbé lántánì sílẹ̀ dè é.

"Gbé e padà," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Kí ló dé?"

"Ìbọn yìí ti kọjá ohun tí à ń fi kẹrosíìnì nù. Epo rẹ̀ ń bọ̀. Bí a bá ta kòkó díẹ̀ tí a ní, màá ra agolo ńlá."

Ọdẹ àgbà kan tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà gbọ́. Ó yọ orí síta. "Ọdẹ́rìndé, ṣé ìbọn ló sọ fún ọ pé kẹrosíìnì ń run òun nímú?"

"Ayé ti lajú, Bàbá."

"Ó dára. Kí ayé tó lajú náà wá bá ọ nù ún."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ọdẹ́rìndé. Ó lọ ra àrán pupa, ó fi wé ìbọn náà, ó sì gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀. Ó jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ méjèèjì yọ síta, kí àlejò lè rí i pé ẹlẹ́nu méjì ni. Bí àlejò bá ń bọ̀, ó máa ń fi ọwọ́ aṣọ rẹ̀ nu ẹnu náà kí ó dán. Kò yìn ín mọ́. Ó ní òun kò fẹ́ kí èéfín wọ inú rẹ̀ kí epo tó dé. Pàkúté ló wá ń dẹ, òkété ló ń pa.

Wọ́n ta kòkó. Owó kòkó ríbi lọ, bí owó ṣe máa ń ríbi lọ. Ó di kòkó ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Epo kò dé.

Ohun tó bẹ̀rẹ̀ lára ìbọn kò dúró lára ìbọn. Ẹni tó bá ti rí àwáwí kan tó bá a lára mu, yóò wọ̀ ọ́ lọ síbi gbogbo. Òrùlé ilé ìdáná ń jò. Tẹ́lẹ̀, Ọdẹ́rìndé ì bá gun òkè, ì bá ki imọ̀ ọ̀pẹ bọ ojú ibẹ̀, iṣẹ́ àárọ̀ kan péré ni. Ó wá ń wí pé, "Imọ̀ ọ̀pẹ kẹ̀? Páànù ni màá kàn sí i, látòkè délẹ̀." Òjò ń rọ̀ sínú ọbẹ̀. Ìbàdí ń dun Àwẹ̀ró. Tẹ́lẹ̀, ọkọ rẹ̀ ì bá sọ ìkòkò omi kalẹ̀ fún un kí ó tó béèrè. Ó wá ń wí pé, "Ọsibítù ńlá ni màá gbé ọ lọ." Ìkòkò ń bẹ lórí obìnrin. Bí Àwẹ̀ró bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́, ọkùnrin náà á ní, "Jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ ná, a ó jókòó sọ gbogbo rẹ̀." Ọkàn náà kò sì balẹ̀ rí.

Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Kò na ìyàwó rẹ̀, kò mutí, kò gbé obìnrin níta. Bí ó bá ṣe pé ó ń nà án ni, ẹbí ì bá ti pe ìpàdé. Ta ni yóò pe ìpàdé nítorí pé ọkọ ń ṣèlérí? Àwọn obìnrin létí odò tiẹ̀ ń kí Àwẹ̀ró. Wọ́n ní, "Ìwọ lo rí ọkọ tó ní èrò." Ó ń dá wọn lóhùn pé ẹ ṣeun.

Lọ́jọ́ kan, ó ń gbálẹ̀ pálọ̀, ó dúró, ó ń wo ara ògiri.

"Kí lo ń wò?" ni ọkọ rẹ̀ bi í.

"Ìbọn yẹn ni, Bàbá Àìná. Mo ń wò ó bí ẹni ń wo dígí."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Àṣé ìwọ náà ń fẹ́ àrán! Fọkàn balẹ̀. Àrán rẹ ń bọ̀."

"N kò béèrè àrán."

Ó bá ìgbálẹ̀ rẹ̀ lọ.

Àwọn túùkú kọ́kọ́ wọ oko aládùúgbò. Wọ́n dúró títí, wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n wọ etí oko Àwẹ̀ró. Ó wá sọ fún ọkọ rẹ̀.

"Mo mọ̀," ni ọkọ wí. "Ṣùgbọ́n ṣé ìbọn tí kò tíì rí epo ni kí n gbé jáde? Kí o ní sùúrù di oṣù tó ń bọ̀."

Àwẹ̀ró so agolo mọ́ okùn yí oko ká. Ó gbé aṣọ kọ́ igi kí ó lè dà bí ènìyàn. Túùkú wá, wọ́n jẹ ẹ̀gẹ́ lábẹ́ ẹni aláṣọ náà, wọ́n sì wó o sórí ebè.

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kan, ó dé oko, ó bá agbo túùkú kan nínú rẹ̀, ìyá pẹ̀lú ọmọ, akọ ńlá kan síwájú wọn. Kì í ṣe etí oko mọ́. Àárín gan-an ni, ibi tí ẹ̀gẹ́ tí wọn óò jẹ títí di òjò wà. Ó sáré padà, ó ń ké láti etí odò.

"Bàbá Àìná! Wọ́n ti ń jẹ ẹ́ tán! Bàbá Àìná o!"

Ojú ti Ọdẹ́rìndé níwọ̀n ìgbà tí gbogbo abúlé ti gbọ́. Ó já ìbọn lára ògiri, ó tú àrán dànù. Ìdí ìbọn náà le. Ó fi orúnkún tì í kí ó tó ṣí, ó sì ké bí ilẹ̀kùn ilé tí wọn kò gbé inú rẹ̀. Ó ki ọta bọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

Àwẹ̀ró ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ yọ ọta yẹn. Ẹ jẹ́ kí n bá yín wò ó."

"Àyè ìyẹn dà?"

"Kò ní ju kí á wo ọ̀run lọ."

"Àrán ni mo fi wé e, Àwẹ̀ró! Kí ló lè wọ inú àrán?"

Ó pa ìbọn dé. Obìnrin náà wo ẹnu méjèèjì tó ń dán, èyí tí àrán kò bò rí. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà ti jáde.

Nígbà tí wọ́n dé oko, akọ túùkú náà gbé orí sókè. Ọdẹ́rìndé fi ọwọ́ òsì di ọ̀pá ìbọn mú, ó wo ẹran náà, ó yìn ín. Àwẹ̀ró mọ ìró ìbọn ọkọ rẹ̀. Èyí tó gbọ́ yìí kì í ṣe òun. Ó dà bí àpáta tó là nínú iná. Èéfín bo ọkùnrin náà. Nígbà tí èéfín lọ, ọ̀pá ọ̀tún ìbọn ti là bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìka méjì kò sì sí lọ́wọ́ òsì ọdẹ mọ́.

Àwọn túùkú sá. Wọn kò sá jìnnà. Wọ́n dúró létí igbó, wọ́n wẹ̀yìn, wọ́n sì padà sídìí oúnjẹ wọn.

Àwẹ̀ró ya etí ìró rẹ̀, ó fi di ọwọ́ náà pinpin. Nílé, ó gbé omi kaná, ó bu iyọ̀ sí i, ó fi fọ ojú ọgbẹ́, ó sì wá aṣọ mìíràn tó mọ́ tún un dì. Ohun tó wà nínú ilé náà ló fi mú un dúró kí àwọn ọkùnrin tó gbé e dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì.

Wọ́n gbé ìbọn náà lọ fún alágbẹ̀dẹ. Ó wo ọ̀pá tó là, ó mi orí. Ó wá ki wáyà bọ ọ̀pá òsì tí kò là. Amọ̀ gbígbẹ ló dà jáde, pẹ̀lú òkú aláǹtakùn kéékèèké.

"Agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé ni," ni alágbẹ̀dẹ wí. "Aláǹtakùn yìí ni oúnjẹ tí ọmọ rẹ̀ jẹ kù. Ó ti kọ́lé sínú méjèèjì, ó ti bímọ, àwọn ọmọ ti fò lọ. Àkísà kan ṣoṣo ì bá lé e."



Nígbà tí ọwọ́ Ọdẹ́rìndé ṣì wà nínú báńdéèjì, àna rẹ̀ kan ti ìrìn àjò dé. Kò tíì gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń pariwo ayọ̀. "Ọdẹ, mo rí i rà! Èyí tí ẹ ń wí! Tòkè òkun!" Ó gbé agolo náà lé e lọ́wọ́. Ìgbà náà ló rí ọwọ́ kejì. Ọdẹ́rìndé gbé agolo náà sí etí, ó mì í. Ó kún. Ó gbé e sórí fèrèsé, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àna rẹ̀.

Àwẹ̀ró ní tirẹ̀ ti di ẹrù. Ẹ̀gẹ́ ti tán, gààrí kò sí, ó fẹ́ lọ sí abúlé ìyá rẹ̀ láti lọ ṣiṣẹ́ lóko wọn di ìgbà òjò. Kò sọ bóyá òun yóò padà. Ọkọ rẹ̀ kò sì láyà láti bi í. Ẹrù náà wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin náà wò ó títí, ó wá sọ̀rọ̀.

"Àwẹ̀ró, bí ọwọ́ yìí bá san, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ni màá rà fún ọ. Ẹlẹ́ńjìnnì. Tuntun."

"Bàbá Àìná," ni Àwẹ̀ró wí, "ẹ má ra nǹkan kan."

"Kí wá ni kí n ṣe?"

"Ẹ jókòó."

Ọkùnrin náà wo ìhín, ó wo ọ̀hún. Àpótí tó máa ń jókòó lé wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ilé aláǹtakùn ti bò ó. Ó fi ọwọ́ rere gbá a kúrò, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó. Àgbébọ̀ adìẹ kan kọjá pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, tọkọtaya náà jọ ń wò ó títí ó fi lọ.

"Ẹ̀yìn rẹ ńkọ́?" ni ó wí níkẹyìn. "Ṣé ó ṣì ń dùn ọ́?"

"Ẹ̀yìn wo?"

"Èyí tó ń dùn ọ́."

"Ìbàdí ni."

"Mo rò pé ẹ̀yìn ni."

"Ìbàdí ni, Bàbá Àìná. Láti ọjọ́ yìí wá, ìbàdí ni."

Ọkùnrin náà ní, "Háà." Ó yíjú sí i. "Òsì ni àbí ọ̀tún?"

Ẹ̀rín kékeré kan bọ́ lẹ́nu Àwẹ̀ró, kò sì pè é. Ó jókòó sórí ìloro, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un. Ọ̀rọ̀ náà gùn. Ọkùnrin náà ń gbọ́. Nígbà tí wọ́n dìde, Àwẹ̀ró kò tú ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó kàn sún un kúrò lójú ọ̀nà, kí ẹni tó bá ń wọlé má baà kọsẹ̀.

Ó tán lẹ́nu mi. Ìwọ ńkọ́?

Má wí fún mi pé o kì í ṣe ọdẹ. Ìwọ tí o ní ìgbà tí o bá kọ́lé tán ni ìwọ àti ìyàwó rẹ yóò tó rójú bára yín sọ̀rọ̀. Ìwọ tí o ní mọ́tò ni o máa fi lọ wo ìyá rẹ, tí o kò sì lè fi ẹsẹ̀ rẹ lọ nígbà tí ọ̀nà kò jìn. Ìwọ tí o ń wá ẹ̀bùn tí ojú kò rí rí fún ọmọ tí kò bi ọ́ ní nǹkan kan ju pé kí o wá wo ohun tí òun kọ́ pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀. Obìnrin tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà wà, kí ó mú tirẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ti fi àrán wé ilé yín, ẹ ń nu ẹnu rẹ̀ fún àlejò. Ta ló ń bá yín wo inú rẹ̀?

Ohun tí a fi ń tọ́jú ilé kò wọ́n rí. "Ẹ kú iṣẹ́" kò wọ́n. "Gbé e wá, jẹ́ kí n bá ọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀" kò wọ́n. "Níbo ló ń dùn ọ́?" kò wọ́n. Kẹrosíìnì inú lántánì ni wọ́n. Àwọn ni o ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé ẹnì kan tó wọ bàtà dídán fi ọ́ rẹ́rìn-ín, tàbí nítorí pé o fẹ́ fi ohun ńlá ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun ńlá náà lè dé. Mo sọ pé ó lè dé. Agolo Ọdẹ́rìndé kúkú dé, ó kún dé ẹnu, ó wà lórí fèrèsé di òní.

Nítorí náà, bí o bá délé lónìí, má gbé nǹkan kan lọ́wọ́. Jókòó. Bi ẹni tó wà ńlé ní ọ̀rọ̀ kan, kí o sì dúró gbọ́ èsì rẹ̀. Bí o kò bá rí ọ̀run nínú ọ̀pá náà, kò tíì yẹ ní yínyìn. Wá àkísà.